Bí A Ṣe Ń Kúrò Lórí Windows Bọ́ Sórí Mac Mini Láìpàdánù Iṣẹ́

Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, Microsoft dá ìtìlẹ́yìn tó ń ṣe fún Windows 10 dúró. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni kò sì lè gbé Windows 11, yálà nítorí pé wọn kò ní ohun èlò ààbò TPM 2.0 tí Microsoft sọ di dandan, tàbí nítorí pé ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà ti pẹ́ jù. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn yóò ra ẹ̀rọ mìíràn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń bojú wo Mac mini, nítorí pé òun ni owó rẹ̀ kéré jù lára àwọn kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí Apple ń ṣe. Láti oṣù kìíní ọdún 2005 tí Steve Jobs ti kọ́kọ́ fi í han aráyé ni ó ti jẹ́ pé ẹni tó bá rà á ni yóò mú mọ́nítọ̀, kíbọ́ọ̀dù àti máòsì tirẹ̀ wá, àwọn tó ń ti orí Windows bọ̀ ni wọ́n sì ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ṣáájú ohun gbogbo ni pé orí Windows ni iṣẹ́ pọ̀ sí, kì í ṣe orí Mac. Mac mini fúnra rẹ̀ kò ní gbà yín ju wákàtí kan lọ láti tò. Ibi tí ìpàdánù ti ń wáyé ni ara kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí a kò yẹ̀ wò dáadáa kí a tó tà á tàbí kí a tó nù ún mọ́. Nítorí náà, ẹ tẹ̀lé ìgbésẹ̀ wọ̀nyí bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn, ẹ má sì tíì náwó títí tí ẹ ó fi parí ti àkọ́kọ́.

Ẹ ṣe àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí ẹ ń fi Windows ṣe

Ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ jókòó ti kọ̀ǹpútà Windows yín, kí ẹ ṣí Settings, kí ẹ lọ sí Apps, kí ẹ sì wo orúkọ gbogbo sọ́fítíwíà tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ kò fọwọ́ kàn láti ọdún tó kọjá, ẹ fò ó. Èyí tí ẹ ń lò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì lọ sí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é láti wò ó bóyá wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún Mac. Sọ́fítíwíà Windows, ìyẹn àwọn fáìlì tí orúkọ wọn parí sí .exe, kì í ṣiṣẹ́ lórí Mac. Ẹ̀dà tí wọ́n ṣe fún Mac ni ẹ ó wá.

Word, Excel, PowerPoint àti Outlook wà fún Mac, fáìlì tí ẹ sì fi wọ́n ṣe lórí Windows yóò ṣí níbẹ̀. Access àti Publisher ni kò sí. Bí ẹnikẹ́ni bá ń fi Access tọ́jú orúkọ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tàbí iye ọjà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ó kó gbogbo rẹ̀ jáde sínú Excel nígbà tí Windows ṣì wà nílẹ̀. Excel tó wà fún Mac náà kò gba àwọn bọ́tìnnì ActiveX tí àwọn kan máa ń fi sínú ìwé ìṣirò wọn, nítorí náà bí ilé iṣẹ́ yín bá ní ìwé Excel kan tí ẹ ń tẹ bọ́tìnnì inú rẹ̀ kí ó tó ṣírò owó oṣù, ẹ wá ẹni tó ní Mac, kí ẹ sì gbìyànjú ìwé náà wò lórí tirẹ̀.

Fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú àti Mushin, CorelDRAW ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Láti ọdún 2019 ni CorelDRAW ti padà sórí Mac, ṣùgbọ́n ẹ̀dà Windows tó wà lọ́wọ́ yín kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ ka owó ẹ̀dà ti Mac mọ́ iye tí ẹ ó ná. Photoshop àti Illustrator wà fún Mac ní tiwọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni sọ́fítíwíà ìṣirò owó: Sage 50, tí ọ̀pọ̀ oníṣirò ṣì ń pè ní Peachtree, Windows nìkan ni wọ́n ṣe é fún.

Ọ̀nà wà láti lo irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ lórí Mac, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òdodo nípa rẹ̀. Láyé àtijọ́, Boot Camp máa ń jẹ́ kí a gbé Windows sórí Mac tí ọpọlọ Intel wà nínú rẹ̀. Kò sí Boot Camp lórí Mac tí Apple fúnra rẹ̀ ṣe ọpọlọ rẹ̀. Ohun tó kù ni Parallels Desktop, tí Microsoft fọwọ́ sí ní ọdún 2023 pé kí a máa fi gbé ẹ̀dà Windows 11 tó wà fún ọpọlọ Arm, irú ọpọlọ tó wà nínú Mac tuntun. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà ọ́fíìsì ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó san owó Parallels, ẹ ó san owó Windows, sọ́fítíwíà tó bá sì ní apá kan (driver) tó ń so mọ́ ọkàn Windows lè kọ̀ jálẹ̀ láti ṣiṣẹ́. Ọ̀nà kejì, tí mo fẹ́ràn jù, ni pé kí kọ̀ǹpútà àtijọ́ wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, kí ẹ sì máa ti orí Mac wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú áàpù tí Microsoft ń pè ní Windows App. Windows Pro ni ó gbọ́dọ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà náà, nítorí ẹ̀dà Home kì í gba àlejò lọ́nà yìí.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé sọ́fítíwíà kan ṣoṣo ni ẹ fi ń jẹun, tí kò sì sí fún Mac, èrò tèmi ni pé kí ẹ dúró lórí Windows. Ẹwà Mac kò tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ dá iṣẹ́ oòjọ́ dúró.

Èwo ni kí ẹ rà?

Mac mini tí Apple kéde ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni mo máa dábàá fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìyẹn èyí tí ọpọlọ M4 wà nínú rẹ̀. Ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12.7 níhà kọ̀ọ̀kan, ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 5, ó lè jókòó sí abẹ́ mọ́nítọ̀ láìgba àyè. Dọ́là 599 ni wọ́n gbé e jáde ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú 16GB ìrántí àti 256GB ibi ìpamọ́. Ìrántí náà kò ṣeé fi kún lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á, nítorí náà ẹni tó bá ń ṣe fídíò tàbí àwòrán ńlá kí ó ronú ju 16GB lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti ibi ìpamọ́ yàtọ̀: owó tí Apple ń gbà lórí àfikún pọ̀, ẹ sì lè ra díráífù SSD tí a ń fi wáyà so mọ́ ọn, kí ẹ máa kó àwòrán àti fídíò síbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ra èyí tí wọ́n ti lò rí, ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí lọ́wọ́ ẹni tó ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀, kí ó yàgò fún èyí tí Intel wà nínú rẹ̀, bí owó rẹ̀ ti wù kí ó rọ̀ tó. Apple ti kéde pé macOS Tahoe, ìyẹn ẹ̀dà ètò tó ń darí Mac tó jáde ní ọdún 2025, ni ẹ̀dà ìkẹyìn tí yóò wà fún Mac oní-Intel. M1 tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2020 àti M2 ti ọdún 2023 ṣì dára púpọ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tan ẹ̀rọ náà lójú yín, kí ẹ sì rí i pé ó dé ojú ìwé àkọ́kọ́ tó ń béèrè èdè àti orílẹ̀-èdè, kí ẹ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì tẹ̀ síwájú díẹ̀ sí i. Bí ó bá ń béèrè Apple Account ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni pé Activation Lock ṣì wà lórí rẹ̀. Bí ó bá kọ Remote Management jáde, ilé iṣẹ́ tàbí ilé-ẹ̀kọ́ kan ló ṣì ń darí rẹ̀ láti òkèèrè. Nínú méjèèjì, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀, kí ẹ má gbọ́ pé "a máa bá yín ṣí i".

Ẹ wo ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ yín pẹ̀lú. Mac mini M4 ní ojú HDMI kan, ojú Thunderbolt mẹ́ta àti ojú wáyà íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn, ó sì ní ojú USB-C méjì àti ti ìgbọ́rọ̀sétí níwájú. Kò ní ojú USB fífẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́, nítorí náà ẹ ra ohun ìsopọ̀ tó ń sọ USB-C di USB fífẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn ní ọjọ́ kan náà. Láìsí i, kíbọ́ọ̀dù àti fláàṣì yín kò ní rí ibi wọ̀. M1 àti M2 ṣì ní USB fífẹ̀ méjì. Mọ́nítọ̀ tó ní ojú VGA aláwọ̀ búlúù nìkan yóò gba ohun ìsopọ̀ tirẹ̀. Kámẹ́rà àti máìkì kò sí nínú Mac mini, àwọn tó ń ṣe ìpàdé lórí Zoom sì níláti mọ èyí ṣáájú.

Ní ti iná, ẹ̀rọ náà ń gba fóltì 100 sí 240, èyí tó túmọ̀ sí pé èyí tí wọ́n rà ní Amẹ́ríkà yóò ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn láìsí ẹ̀rọ tó ń rẹ iná sílẹ̀. Wáyà iná rẹ̀ nìkan ni ẹ ó pààrọ̀ sí olórí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kò ní bátìrì, bí iná bá sì lọ, òun náà yóò kú lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ẹ kò tíì fi pamọ́. UPS di dandan fún un ní Nàìjíríà. Ohun tí inú mi dùn sí ni pé kì í jẹ iná púpọ̀: Apple kọ ọ́ pé M4 ń jẹ nǹkan bí wọ́ọ̀tì 4 nígbà tí kò bá ṣe iṣẹ́ kankan, kò sì ń ju wọ́ọ̀tì 65 lọ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ gidi. Ẹni tó ń lo inverter tàbí sólà mọ iye tí ìyẹn tó.

Kíkó ẹrù jọ lórí Windows

Ìgbésẹ̀ yìí ni kí ẹ fi sùúrù ṣe jù lọ, nítorí pé ohun tí a bá gbàgbé níbí ni a máa ń wá tì lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú OneDrive. Windows máa ń fi orúkọ fáìlì hàn yín nínú Documents tàbí Desktop nígbà tí fáìlì fúnra rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò sí nínú kọ̀ǹpútà yín rárá. Àmì ìkùukùu kékeré ni ó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú rẹ̀. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ fódà náà, kí ẹ yan "Always keep on this device", kí ẹ sì dúró títí tí ìkùukùu yóò fi di àmì màáàkì aláwọ̀ ewé lára gbogbo rẹ̀, kí ẹ tó kó ohunkóhun.

Lẹ́yìn náà, ẹ ra díráífù tí a ń fi wáyà so mọ́ ara kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì ṣètò rẹ̀ sí exFAT, ìyẹn ọ̀kan lára ọ̀nà tí díráífù ń gbà to fáìlì, kí ẹ tó fi nǹkan sí i. Ìdí rẹ̀ nìyí: NTFS ni Windows sábà máa ń lò, Mac sì lè ka ohun tó wà lórí NTFS, ṣùgbọ́n kò lè kọ nǹkan kan sórí rẹ̀. FAT32 kì í gba fáìlì tó bá tó 4GB. ExFAT nìkan ni méjèèjì lè kà, tí wọ́n sì lè kọ, láìsí wàhálà. Ẹ so díráífù náà mọ́ Windows, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ orúkọ rẹ̀, ẹ yan Format, ẹ yan exFAT níbi tó ti kọ File system, ẹ sì bẹ̀rẹ̀. Ohun yòówù tó bá wà lórí díráífù náà tẹ́lẹ̀ yóò parẹ́.

Nígbà náà ni kí ẹ kó Documents, Desktop, Downloads, Pictures, Music àti Videos sórí rẹ̀. Ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ ṣí díráífù C fúnra rẹ̀, nítorí pé àwọn kan a máa tọ́jú iṣẹ́ oníbàárà sínú fódà tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún pípẹ́, bí díráífù D bá sì wà, ẹ ṣí i pẹ̀lú. Ẹni tí àwọn lẹ́tà Outlook rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà, tí kò sí lórí sáfà, níláti kó wọn jáde sínú fáìlì .pst. Ẹ kó àwọn fọ́ǹtì tí ẹ rà tàbí tí oníbàárà fún yín láti inú fódà Fonts, pàápàá bí iṣẹ́ yín bá jẹ mọ́ ìwé títẹ̀.

Ní ti Chrome, ẹ wọlé pẹ̀lú àkáǹtì Google yín, kí ẹ sì tan Sync. Àwọn ìkànnì tí ẹ sàmì sí àti páswọ́ọ̀dù tí ẹ fi pamọ́ yóò tẹ̀lé yín dé orí Mac. Ẹ wá kọ nọ́ḿbà láìsẹ́ǹsì sọ́fítíwíà tí ẹ fi owó rà sílẹ̀, kí ẹ sì jáde kúrò nínú èyí tó bá jẹ́ pé iye kọ̀ǹpútà kan ni wọ́n gbà yín láàyè láti lò ó lórí rẹ̀. Ohun kan kù tí ọ̀pọ̀ kì í rántí: BitLocker. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ayé òde òní ló ti fi í ti díráífù wọn pa láìjẹ́ pé ẹni tó ni wọ́n mọ̀. Ẹ wọ àkáǹtì Microsoft yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá kọ́kọ́rọ́ BitLocker tó ní díjíìtì 48, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé. Bí kọ̀ǹpútà náà bá kọ̀ láti tàn lọ́jọ́ kan, tí ẹ yọ díráífù rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ yẹn nìkan ló lè ṣí i.

Apple ní Migration Assistant, sọ́fítíwíà tó lè kó gbogbo èyí láti Windows sí Mac fúnra rẹ̀. Ẹ ó gba ẹ̀dà Windows rẹ̀ láti ìkànnì Apple, ẹ ó so kọ̀ǹpútà méjèèjì mọ́ Wi-Fi kan náà tàbí kí ẹ fi wáyà íntánẹ́ẹ̀tì so wọ́n pọ̀, ẹ ó rí nọ́ḿbà kan náà lójú àwọn méjèèjì, ẹ ó sì yan ohun tí ẹ fẹ́ kó. Kì í kó sọ́fítíwíà. Fáìlì, orúkọ àwọn ènìyàn, kàlẹ́ńdà àti àkáǹtì ímeèlì ni ó ń kó. Mo mọ̀ pé ó rọrùn, síbẹ̀ díráífù exFAT ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó fáìlì á mọ ohun tó ní, á fi pàǹtírí sílẹ̀ sẹ́yìn, á sì ní ẹ̀dà kejì lọ́wọ́ nígbà tí nǹkan bá dàrú.

Títan Mac mini fún ìgbà àkọ́kọ́

Ẹ so mọ́nítọ̀, kíbọ́ọ̀dù àti máòsì oníwáyà mọ́ ọn, nítorí pé ti Bluetooth lè fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wà nínú ètò kí ó tó dáhùn. Bọ́tìnnì iná M4 wà lábẹ́ rẹ̀, ní igun ẹ̀yìn lápá òsì, ẹ ó sì gbé e sókè díẹ̀ kí ìka yín tó tó o. Bí ó bá ti tàn, yóò ní kí ẹ tẹ bọ́tìnnì kan tàbí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Shift kí ó lè mọ irú kíbọ́ọ̀dù tí ẹ ní. Ẹ yan orílẹ̀-èdè, ẹ wọ Wi-Fi, kí ẹ sì fi Apple Account wọlé. Ẹni tó ní iPhone kí ó lo ti fóònù rẹ̀, ẹni tí kò ní kí ó dá tuntun sílẹ̀ pẹ̀lú ímeèlì àti nọ́ḿbà fóònù tí kò ní sọnù. Orúkọ tí ẹ bá fún àkáǹtì orí ẹ̀rọ náà ni yóò di orúkọ fódà yín, ẹ jẹ́ kí ó kúrú.

Bí ẹ bá ti dé ojú kọ̀ǹpútà, ẹ lọ sí àmì Apple ní igun òkè lápá òsì, ẹ ṣí System Settings, ẹ lọ sí General, kí ẹ sì tẹ Software Update. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí Energy, kí ẹ tan "Start up automatically after a power failure", kí ẹ̀rọ náà lè dìde fúnra rẹ̀ bí iná bá lọ tó sì padà dé.

Títún ọwọ́ kọ́

Níbí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń rò pé Mac le, nígbà tó jẹ́ pé ìka ọwọ́ nìkan ni kò tíì mọ ọ̀nà. Ohun tí Ctrl ń ṣe lórí Windows, Command ló ń ṣe é lórí Mac: Command àti C ń ṣe ẹ̀dà, Command àti V ń lẹ̀ ẹ́, Command àti Z ń dá a padà, Command àti S ń fi í pamọ́. Lórí kíbọ́ọ̀dù Windows, bọ́tìnnì tó ní àmì Windows di Command, Alt sì di Option. Ṣùgbọ́n ipò àwọn méjèèjì yí padà sí ti kíbọ́ọ̀dù Apple, níbi tí Command ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì gígùn tí a fi ń fàyè sílẹ̀. Ẹ ṣí System Settings, ẹ lọ sí Keyboard, ẹ tẹ Keyboard Shortcuts, ẹ lọ sí Modifier Keys, ẹ yan kíbọ́ọ̀dù yín, kí ẹ sì fi Option rọ́pò Command, kí ẹ fi Command rọ́pò Option. Èyí yóò gbé Command sí ibi tí àtàǹpàkò yín ti lè tó o láìwò ó.

Àwọn ìyàtọ̀ mìíràn wà tó máa ń ba ènìyàn nínú jẹ́ bí kò bá sí ẹni tó kìlọ̀ fún un. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì pupa láti pa fèrèsé kan, áàpù náà kò tíì kú. Ó ṣì wà nísàlẹ̀, Command àti Q ni ó ń pa á pátápátá. Bí ẹ bá tẹ Enter lórí fáìlì nínú Finder, ìyẹn ibi tí Mac ti ń fi fáìlì hàn bíi File Explorer ti Windows, kò ní ṣí i, orúkọ rẹ̀ ni yóò ní kí ẹ yí padà. Command àti O ni ẹ ó fi ṣí i. Láti gbé fáìlì kúrò níbì kan lọ sí ibòmíràn, ẹ kọ́kọ́ fi Command àti C mú un, kí ẹ dé ibi tí ẹ ń gbé e lọ, kí ẹ sì tẹ Option, Command àti V papọ̀. Command àti Delete ni ó ń gbé fáìlì lọ sínú Trash. Home àti End kì í lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìlà bíi ti Windows. Command pẹ̀lú ọfà òsì tàbí ọ̀tún ni ó ń ṣe ìyẹn. Bí áàpù kan bá dákú, Option, Command àti Esc ni ẹ ó tẹ̀ dípò Ctrl, Alt àti Delete. Shift, Command àti 4 ń ya àwòrán apá kan ojú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ kò bá sì mọ ibi tí nǹkan kan wà, Command pẹ̀lú bọ́tìnnì gígùn ń ṣí Spotlight, ẹ kọ orúkọ ohun tí ẹ ń wá sínú rẹ̀.

Bí ìwé bá ń lọ sókè nígbà tí ẹ yí máòsì sísàlẹ̀, ẹ lọ sí Mouse nínú System Settings, kí ẹ pa Natural scrolling.

Kíkọ Yorùbá pẹ̀lú àmì

Mo fẹ́ kí ẹ ṣe èyí ní ọjọ́ kan náà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ náà, nítorí pé ó wà nínú Mac láti ilé iṣẹ́ wá, kò sì gba owó. Ẹ ṣí System Settings, ẹ lọ sí Keyboard, kí ẹ tẹ Edit lẹ́gbẹ̀ẹ́ Input Sources, ẹ tẹ àmì àròpọ̀, ẹ lọ sí English, kí ẹ sì yan ABC – Extended. Láti orí rẹ̀, ẹ di Option mú, ẹ tẹ X, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, kí ẹ tẹ e, yóò di ẹ; bákan náà ni o yóò ṣe di ọ, tí s yóò sì di ṣ. Fún àmì òkè, ẹ tẹ Option àti E, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ a, yóò di á. Fún àmì ìsàlẹ̀, Option pẹ̀lú bọ́tìnnì tó wà lókè Tab ni, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ a, yóò di à. N pẹ̀lú yóò di ǹ lọ́nà kan náà.

Níbi tí àmì méjì bá ti pàdé lórí lẹ́tà kan, ẹ kọ́kọ́ ṣe ti abẹ́. Ẹ̀yin tó fẹ́ kọ ẹ́, ẹ tẹ Option àti X, ẹ tẹ e, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ Shift, Option àti E papọ̀, àmì òkè yóò sì gun orí lẹ́tà tí ẹ ti kọ. Fún ọ̀, ẹ tẹ Option àti X, ẹ tẹ o, kí ẹ sì tẹ Shift, Option àti bọ́tìnnì òkè Tab náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ á ti mọ̀ ọ́n. Àmì náírà wà nínú àpótí tí Control, Command àti bọ́tìnnì gígùn máa ń ṣí. Ẹ kọ naira sínú ibi ìwákiri rẹ̀.

Sọ́fítíwíà, ìpamọ́ àti ẹ̀rọ atẹ̀wé

Áàpù tó bá wà nínú App Store, ibẹ̀ ni kí ẹ ti gbà á. Èyí tí ẹ gbà láti ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é máa ń wá nínú fáìlì .dmg: ẹ ṣí i, ẹ fa àmì áàpù náà sínú fódà Applications, ó ti parí nìyẹn. Bí Mac bá ní òun kò mọ ẹni tó ṣe é, tó sì kọ̀ láti ṣí i, kí ẹ dúró kí ẹ ronú. Bí ó bá dá yín lójú pé ilé iṣẹ́ gidi ni ó ti wá, ẹ lọ sí Privacy & Security nínú System Settings, ẹ lọ sí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì tẹ Open Anyway. Sọ́fítíwíà olè tí wọ́n ń fi fláàṣì pín kiri kò yẹ kí ó rí ọ̀nà yìí wọlé.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ atẹ̀wé tí wọ́n ṣe ní ọdún àìpẹ́ yìí ní AirPrint, Mac yóò sì rí wọn lórí Wi-Fi láìsí ohun tí a ń fi sí i. Ti àtijọ́ ni kí ẹ yẹ̀ wò lórí ìkànnì ẹni tó ṣe é.

Time Machine ni ó ń tọ́jú ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà lórí Mac. Ó fẹ́ díráífù tirẹ̀, yóò sì nu díráífù náà mọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe fún un ní díráífù exFAT tí ẹrù yín ti Windows wà lórí rẹ̀. Ẹ ra òmíràn tí ìtóbi rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ibi ìpamọ́ Mac náà, ẹ so ó mọ́ ọn, ẹ lọ sí General, kí ẹ sì yan Time Machine. Ẹ tan FileVault pẹ̀lú nínú Privacy & Security, kí olè tó bá gbé ẹ̀rọ kékeré yìí lọ má baà rí iṣẹ́ oníbàárà yín kà.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ń kọ́?

Nítorí òjò tó ṣú, ẹ má ṣe da omi agbada nù. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà Windows wà nílẹ̀ fún oṣù kan ó kéré tán, pàápàá títí tí ẹ ó fi san owó oṣù òṣìṣẹ́, tí ẹ ó fi tẹ ìwé oníbàárà jáde, tí ẹ ó sì fi ṣe gbogbo iṣẹ́ tó máa ń wáyé lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti orí Mac. Fáìlì tí ẹ bá ti tìtorí rẹ̀ padà sórí Windows láàárín àkókò yẹn, ẹ kó o lọ sórí Mac lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí ẹ kò bá ti ní ohun tí ẹ ń wá níbẹ̀ mọ́, tí ẹ sì fẹ́ tà á tàbí kí ẹ fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì Microsoft àti Google yín lórí rẹ̀, ẹ ṣí Settings, ẹ lọ sí Recovery, kí ẹ tẹ Reset PC, kí ẹ yan Remove everything. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ Change settings, kí ẹ tan Clean data, nítorí pé láìsí i, ẹni tó bá ní sùúrù lè fi sọ́fítíwíà ìwáfáìlì hú àwọn lẹ́tà àti àwòrán yín jáde. Ó lè gba wákàtí púpọ̀ lórí díráífù àtijọ́, nítorí náà ẹ má ṣe yọ ọ́ kúrò lára UPS, kí ẹ sì jẹ́ kí ó parí.